Àkírẹdítéṣọ̀n Ilé-Ìwòsàn: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Nọ́ọ̀sì Kan ní Adó-Èkìtì

Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ti ṣe wọ́ọ̀dù obìnrin, mo ti ṣe ti ọkùnrin, mo ti ṣe yàrá ìgbẹ̀bí. Ní ọdún mẹ́ta nínú rẹ̀, wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń múra ilé-ìwòsàn wa sílẹ̀ de àwọn olùyẹ̀wò. Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè ò ti tán lọ́rùn mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí, àwọn èèyàn aláìsàn ń bi mí, àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Texas náà ń pè mí lóru. Mo kó èyí tí wọ́n máa ń bi mí jù jọ síbí. N ò ní dárúkọ ilé-ìwòsàn wa, torí ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun.

Kí ni wọ́n ń pè ní àkírẹdítéṣọ̀n gan-an? Ṣé kì í ṣe ìwé àṣẹ ìjọba náà ni?

Kì í ṣe òun. Ìwé àṣẹ ìjọba ló ń sọ pé ẹ lè ṣílẹ̀kùn. Àkírẹdítéṣọ̀n ni pé àjọ kan wá láti ìta pẹ̀lú ìwé ìlànà tiwọn lọ́wọ́, wọ́n wo bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ẹnu géètì títí dé mọ́ṣúárì, wọ́n wá sọ bóyá ẹ dójú ìwọ̀n àbí ẹ ò dójú ìwọ̀n.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé orúkọ kan náà là ń pe oríṣiríṣi nǹkan ní Nàìjíríà. Bí Nursing and Midwifery Council bá wá wo ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àkírẹdítéṣọ̀n la pè é. Bí Medical and Dental Council bá wá wò ó bóyá àwọn dókítà tuntun lè ṣe housemanship, ìyẹn ọdún ìkọ́ṣẹ́ wọn, lọ́dọ̀ wa, àkírẹdítéṣọ̀n náà ni. NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì ìlera, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò NHIS, ń ṣe tirẹ̀ kí ilé-ìwòsàn tó lè máa tọ́jú àwọn tó ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Àwọn wọ̀nyí, bó wù yín bó kọ̀ yín, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Èyí tí mò ń sọ níbí ni èyí tí ilé-ìwòsàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà, tó sì fowó ara rẹ̀ san: irú ti Joint Commission International ti Amẹ́ríkà, ti COHSASA ti South Africa, tàbí SafeCare, tí àwọn méjèèjì yìí àti PharmAccess, àjọ ìlera kan láti Netherlands, jọ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2011 fún àwọn ilé-ìwòsàn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n SafeCare díẹ̀, torí kì í kàn án sọ pé o yege tàbí o fìdí rẹmi. Ó ń to ilé-ìwòsàn sí ìpele, láti 1 dé 5, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè rí ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé kàn.

Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan báyìí?

Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, Ernest Codman, ló ń pariwo ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn pé ó yẹ kí dókítà máa tọpa aláìsàn lẹ́yìn tó bá ti lọ sílé, kó mọ̀ bóyá ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ṣùgbọ́n American College of Surgeons gbé e, wọ́n sì ṣe ìlànà wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1917. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ojú ìwé kan yẹn bí ẹ bá ń ka ohun tó kù.

Nígbà tí wọ́n fi ìlànà náà wo ilé-ìwòsàn 692, àwọn 89 péré ló yege. Lára àwọn tó fìdí rẹmi, àwọn ilé-ìwòsàn ńláńlá tí orúkọ wọn ń dún wà níbẹ̀. Ìtìjú náà pọ̀ débi pé lọ́dún 1919, ní òtẹ́ẹ̀lì Waldorf-Astoria ní New York, wọ́n ju àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ilé-ìwòsàn náà sínú iná lóru, kí àwọn oníròyìn má baà rí i. Mo máa ń rántí iná yẹn tí wọ́n bá ní kí n jókòó tún fáìlì oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kọ. Lọ́dún 1951 ni wọ́n dá àjọ tó wá di Joint Commission sílẹ̀, ẹ̀ka tó ń lọ sílẹ̀ òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994.

Nǹkan tó dáa ni wọ́n ń wá. Kí ló wá ń bí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì nínú?

Ẹ jẹ́ kí n mú alẹ́ ọjọ́ kan fún yín. Wọ́ọ̀dù ọkùnrin, aláìsàn 34, nọ́ọ̀sì méjì, òṣìṣẹ́ aranilọ́wọ́ kan. Kí ìmúrasílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìwé tí à ń kọ lórí aláìsàn kan ò ju ti oògùn, ti ìfúnpá àti ìgbóná ara, àti àkọsílẹ̀ tí a ó fi lé àwọn ti òwúrọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù mẹ́rin tún wọlé dé. Ọ̀kan ń wo bóyá aláìsàn lè ṣubú, Morse ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan ń wo bóyá ara rẹ̀ lè bó níbi tó sùn lé, ìyẹn Braden. Ọ̀kan wà fún ìrora, láti òdo dé 10. Ọ̀kan tún wà tí a ó fi máàkì pé a ti kọ mẹ́ta tó kù.

Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìwé rósítà lóru ọjọ́ kan. Tí fọ́ọ̀mù kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú 12 ni ti aláìsàn kan. Ti èèyàn 34 jẹ́ ìṣẹ́jú 408, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ó lé. Tí a bá pín in sí méjì, nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan á fi ju wákàtí mẹ́ta lọ kọ̀wé nínú iṣẹ́ alẹ́ oníwákàtí 12, láì tíì fún ẹnì kan ní abẹ́rẹ́, láì tíì pààrọ̀ dírípù kan.

Níbi tí mo ti ń kọ ọ́ lóru yẹn pé ewu àti ṣubú bàbá kan kéré, bàbá náà ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ lọ tọ̀. Mo gbọ́ "gbì". Ilẹ̀ ni mo bá a, tó jókòó, tó di ọ̀pá dírípù mú bí ẹni di ọ̀pá ìtìlẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ mi, mo rí i pé o ń kọ̀wé ni, n ò fẹ́ dí ẹ lọ́wọ́." Ọlọ́run yọ wá, kò fara pa. Mo gbé e dìde, mo wá jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù ìjàǹbá.

Inú tó ń bí wa rèé. Kò sí nọ́ọ̀sì tó kórìíra kí aláìsàn má ṣubú. Ṣùgbọ́n ìwé ò lè di bàbá mú lápá. Lọ́dún 2002, Linda Aiken, nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ìwádìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ilé-ìwòsàn Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi aláìsàn kan péré kún èyí tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu pé aláìsàn oníṣẹ́ abẹ á kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Aláìsàn kan ṣoṣo nìyẹn o. Ẹ fi wé 17 tó kàn mí lóru ọjọ́ yẹn.

Ṣé ẹ ò lè gba nọ́ọ̀sì sí i ni?

Wọ́n ń gbà, wọ́n ń lọ. Ìlú ọba, Kánádà, Amẹ́ríkà, Saudi. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Nursing and Midwifery Council ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣe ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ńsì kí wọ́n tó bá a fìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde ṣe ìwọ́de ní Àbújá àti Èkó. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà, mo sì mọ ìdí tí àwọn ọmọ náà fi bínú. Ìdè ò ṣeé fi dá òṣìṣẹ́ dúró.

Àwọn tó kù nílé ni fọ́ọ̀mù àwọn tó lọ ń já lé lórí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ilé-ìwòsàn máa ń yí padà lọ́sẹ̀ tí àwọn olùyẹ̀wò bá ń bọ̀?

Ẹ má dá mi lẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tí a ṣe tiwa, wọ́n kun ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dà náà ò tíì gbẹ tí a fi gba aláìsàn òtútù àyà méjì wọlé. Wọ́n gbé sanitáísà sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Kọ́tíìnì tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún tó kọjá dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun, aláwọ̀ òféfèé, tó ṣì ń rùn bí ọjà, jáde láti sítọ́ọ̀. Àwa tí a wà nínú wọ́ọ̀dù ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá.

Màmá kan tó wá láti Ìyìn-Èkìtì, tí wọ́n tẹ́ tirẹ̀ fún, fọwọ́ pa aṣọ náà, ó bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé gómìnà ń bọ̀ ni?" Mo ní rárá, màmá, àwọn àlejò ni. Ó ní, "Kí Ọlọ́run máa mú àlejò wá."

Àwọn olùyẹ̀wò lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé, akọ̀wé sítọ́ọ̀ wọlé pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó ń ka aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní wọ́n ní kí òun kó wọn padà, kó má baà gbó kí wọ́n tó padà wá. Màmá ṣì wà lórí tirẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n bá a sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí sí apá ọ̀tún díẹ̀," mo fa aṣọ náà jáde lábẹ́ rẹ̀, mo tẹ́ ògbólógbòó padà. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí.

Mo ti wẹ òkú nínú iṣẹ́ yìí, mo ti di ọmọ tí kò sunkún mú lọ́wọ́. Ojú màmá yẹn wà lára ohun tí n ò tíì gbàgbé. Ìwé ìlànà àwọn olùyẹ̀wò kọ́ ló ní ká yọ aṣọ lábẹ́ arúgbó. Iṣẹ́ ojú ayé ni, àwa náà la sì ń ṣe é.

Ìfọwọ́fọ̀ ńkọ́? Gbogbo ibi ni wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́.

Ìgbà márùn-ún ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí nọ́ọ̀sì máa fọwọ́: kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kó tó ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ́tótó pátápátá, lẹ́yìn tí omi ara bá kàn án, lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan ohun tó wà láyìíká aláìsàn. Ìlànà tó dáa gan-an ni. Bí a bá tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ egbò iṣẹ́ abẹ ò ní kẹ̀.

Ṣùgbọ́n borehole ló ń gbé omi sí tánkì, iná ló ń fa borehole, tí kò bá sí iná, jẹnẹrétọ̀ ni, tí kò bá sí dísù fún jẹnẹrétọ̀, a padà sí bàkẹ́tì àti ìgò ike. Àwòrán ìfọwọ́fọ̀ máa wà lórí síńkì tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ń súfèé. Olùyẹ̀wò gidi á kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ omi. Mo ti rí ọ̀kan tó ṣe bẹ́ẹ̀, tó ń yí i ṣí jákèjádò wọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan láì sọ̀rọ̀. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣé kò wá sí ohun rere kankan nínú rẹ̀ ni?

Ó wà, n ò sì ní purọ́ mọ́ ọn nítorí pé inú ń bí mi.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní Èkìtì níbí, a kì í fẹ́ pe àgbàlagbà lórúkọ. Ìyá Ọ̀jọ́, Bàbá Àìná, Màmá Ìkẹ́rẹ́. Ó bá ìwà ọmọlúàbí mu, ó sì léwu nínú wọ́ọ̀dù. A ní Ìyá Ọ̀jọ́ méjì nígbà kan, bẹ́ẹ̀dì 6 àti bẹ́ẹ̀dì 9. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ dé fún ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan béèrè pé, "Ìyá Ọ̀jọ́ dà?" Èyí tí ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ ló dáhùn. Ìlànà tuntun la fi bọ́: ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí méjì, orúkọ ní kíkún àti ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà fáìlì, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n béèrè orúkọ ní kíkún, ó hàn. Tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá wọ ara ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, ó lè pa á. Fún ìlànà yẹn nìkan, mo lè bá wọn kọ fọ́ọ̀mù kan. Kì í ṣe mẹ́rin.

Potassium chloride tó le, tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pò mọ́ omi kí a tó fún aláìsàn, tún ń bẹ. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wà lórí pákó kan náà pẹ̀lú omi tí a fi ń po abẹ́rẹ́. Tí èèyàn bá ṣì í mú lóru, tó sì tì í wọ iṣan bẹ́ẹ̀, ọkàn aláìsàn á dúró. Ìlànà ní kí a kó o kúrò ní wọ́ọ̀dù. Owó kékeré ni, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ó sì ṣeé ṣe kó ti gba ẹ̀mí là.

Ìwé ìbéèrè iṣẹ́ abẹ ti WHO náà wà, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2008. Ohun 19 ló wà nínú rẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo náà ni. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ lágbàáyé, ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wálẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ti rí i pé ojú ìwé kan tún ni mo pè. Àwọn ìwé tó ń gba ẹ̀mí là kì í gùn.

Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí wọ́n fi férémù kọ́ ògiri, ta ló ń kà á?

Àwọn olùyẹ̀wò.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn ti Nàìjíríà jáde lọ́dún 2018. Ẹ̀tọ́ 12 ló wà nínú rẹ̀, lára wọn ni pé kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe ẹ fún ẹ ní èdè tí o gbọ́. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ èyí tó wà lára ògiri wa. Màmá tó ń pe ilé ní "ulé", tó ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́", ló dùbúlẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nínú ìpàdé, mo ní kí a tú u sí Yorùbá kí a sì máa kà á fún wọn sétí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà wọ́n wọlé. Wọ́n ní àbá mi dáa. Ó ti pé ọdún méjì báyìí.

Àbúrò rẹ ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ṣé nọ́ọ̀sì tibẹ̀ náà ń ráhùn?

Ó ń ráhùn jù mí lọ! Ilé-ìwòsàn tirẹ̀ ń wá Magnet, àmì ẹ̀yẹ kan fún ilé-ìwòsàn tó bá ń ṣe dáadáa sí nọ́ọ̀sì. Irin òòfà ni magnet ní Yorùbá, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn kan lọ wò ó pé kí ló fà á tí àwọn ilé-ìwòsàn kan ò fi pàdánù nọ́ọ̀sì bíi tàwọn yòókù. Wọ́n gbé ìwádìí náà jáde lọ́dún 1983, lórí ilé-ìwòsàn 41. Wọ́n rí i pé ibi tí wọ́n ti ń fetí sí nọ́ọ̀sì, tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní àṣẹ, tí òṣìṣẹ́ pọ̀ tó, nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n sọ di àmì ẹ̀yẹ. Ilé-ìwòsàn ìlú Seattle kan ló kọ́kọ́ gbà á lọ́dún 1994, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sì ń tún un ṣe.

Ohun tó ń dun àbúrò mi ni pé ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n sí lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ń ti àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tí kò ní digírì pé kí wọ́n padà sí iléèwé, wọ́n lẹ bébà Magnet mọ́ inú lífíìtì, ṣùgbọ́n aláìsàn tó kàn án ò dín. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, písà ni wọ́n fi yẹ́ wọn sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òòfà tó ń lé irin ni wọ́n rà." Ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì California náà ti ń bá ètò yìí jà tipẹ́, pé orúkọ lásán ni tí kò bá sí iye aláìsàn tí òfin fi lélẹ̀. California ṣe irú òfin yẹn lọ́dún 1999, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti 2004; nọ́ọ̀sì kan sí aláìsàn márùn-ún ni ní wọ́ọ̀dù gbogboogbò báyìí. Texas ò ní i.

Mo bi í pé mélòó ló ń tọ́jú. Ó ní mẹ́fà, nígbà mìíràn méje. Mo dákẹ́. Òun náà rántí pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀, a bú sẹ́rìn-ín.

Ṣé wọ́n ń fi owó kún owó oṣù tí ilé-ìwòsàn bá yege?

Wọ́n fún wa ní fẹ́ẹ̀sì-káàpù àti jọ́lọ́ọ̀fù.

Ọ̀rọ̀ owó ò sí lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa, NANNM, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 oṣù keje ọdún 2025, owó iṣẹ́ alẹ́, owó aṣọ iṣẹ́ àti gbígba òṣìṣẹ́ sí i wà lára ohun tí a bèèrè.

Kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ òótọ́ fún àwọn olùyẹ̀wò?

Ẹ̀rù. Ọ̀gá máa ń dúró lẹ́yìn wọn, á máa wo ẹnu wa. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n á ti kó wa jọ, wọ́n á ti kọ́ wa ní ìdáhùn bí ẹni kọ́ ọmọ ní kátíkísìmù. Tí wọ́n bá bi yín báyìí, ẹ sọ báyìí. Nọ́ọ̀sì kan wà tó kọ́ ohun tí èèyàn ń ṣe tí iná bá ń jó sórí, ó kà á dáadáa fún wọn, olùyẹ̀wò wá ní kó fi ohun èlò ìpaná han òun. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníṣirò.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Àwọn olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ máa ń mú aláìsàn kan, wọ́n á tọpa rẹ̀ láti ibi tó ti wọlé: ta ló gbà á, ta ló fún un lóògùn, ta ló gbé e lọ sí tíátà. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ráhùn. Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bi yín, kí ẹ sì fi iye sí i. "Àwa méjì la wà lóru ọjọ́ yẹn, aláìsàn 34." Gbólóhùn kan ni. Kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ iye òṣìṣẹ́ àti ìmọ̀ wọn wà nínú ìlànà tiwọn fúnra wọn.

Èkejì: fọ́ọ̀mù ìjàǹbá tí gbogbo wa ń sá fún, ẹ máa lò ó. Alẹ́ tí ọwọ́ ò tó, ìjàǹbá tó ń bọ̀ lọ́nà ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń dá wa lágara náà la fi lè dá àwọn ọ̀gá lágara.

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Tí mo bá rí ìwé ẹ̀rí yìí lára ògiri, ṣé kí n gbé ìyá mi lọ síbẹ̀?

Ó sàn ju kó má sí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú tiyín kún un. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ wò ó bóyá nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ ìyá yín ní kíkún kó tó fún un ní abẹ́rẹ́, àbí "màmá, ẹ gbé ọwọ́ yín wá" ló kàn sọ. Tí ó bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má bínú sí i, òun gan-an lẹ fẹ́. Kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí wọn ò lérò: nọ́ọ̀sì mélòó ló máa ń wà níbí lóru ọjọ́ Àìkú? Ẹ wo ojú ẹni tó ń dáhùn.

Tí wọ́n bá fi ọ́ ṣe ọ̀gá ilé-ìwòsàn lọ́la, ṣé o máa fagi lé e?

Rárá. Màá kọ́kọ́ wá akọ̀wé kan fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, tó máa ń fa ìlà, tó ń to fáìlì, tó ń lọ gba èsì àyẹ̀wò ní láàbù. Iṣẹ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì oníwèé ẹ̀rí ń ṣe lóru báyìí. Màá so fọ́ọ̀mù mẹ́rin yẹn pọ̀ sí ọ̀kan, ìwájú àti ẹ̀yìn. N ò ní kọ̀wé pe olùyẹ̀wò kankan títí tí rósítà á fi fi nọ́ọ̀sì mẹ́rin hàn lóru, torí owó ìforúkọsílẹ̀ yẹn àti owó àwọn agbaninímọ̀ràn tó ń wá láti Èkó, tí òtẹ́ẹ̀lì wọn tún wà lọ́rùn wa, á san owó oṣù àwọn kan.

Sítọ́ọ̀ á sì ṣí. Ohun tí a bá gbé jáde fún àlejò, ó ti jáde nìyẹn.

Wọ́n ní oṣù tó ń bọ̀ ni tiwa. Kí ni mo lè ṣe báyìí?

Ẹ fi fóònù ya rósítà oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Rósítà nìkan o, ẹ má ya orúkọ aláìsàn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ kọ iye aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀gbẹ́ alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó wà nínú ìwé ìjíhìn òwúrọ̀. Ẹ mú un lọ bá mátíróònì yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kó wà lára ìwé tí ilé-ìwòsàn máa kó fún àwọn olùyẹ̀wò. Bó bá kọ̀, ẹ ti fi han ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ rí i. Bó bá gbà, ẹ bá mi kí i.

Kí ẹ sì lọ mọ ibi tí wọ́n gbé ohun èlò ìpaná sí.